Ẹni Tí Wọ́n Bèèrè Ọ̀nà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé Ṣẹ́fíìdì lókè.
Ẹ̀gbọ́n Fọláyẹmí ní òtútù ni.
Àbúrò bàbá mi ní àwọn èèyàn ibẹ̀ kì í kíra wọn.
Wọ́n di ẹrù ìkìlọ̀ fún mi, ó wúwo ju àpótí mi lọ,
wọ́n sì gbàgbé òkè.

Èmi ọmọ Ìdànrè,
tí wọ́n pọ̀n gun àtẹ̀gùn òkúta kí n tó lè pe "màámi",
mo bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, mo gbójú sókè,
mo rí ilé tó ń gun ẹ̀yìn ara wọn bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já ewé.
Ẹsẹ̀ mi rẹ́rìn-ín kí ẹnu mi tó mọ̀.

Yàrá mi wà lábẹ́ òrùlé ní Wọ́kìlì.
Àjà rẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ wálẹ̀; ẹni bá sáré dìde yóò fi orí kí i.
Mo ti fi orí kí i lẹ́ẹ̀mẹta. A ti mọra báyìí.
Ilẹ̀kùn ìta kì í ṣí fún àlejò:
o ní láti gbé e sókè díẹ̀, kí o fi èjìká tì í,
kí o wá yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹni ń bẹ ọmọdé kó jẹun.
Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mo dúró síta nínú òjò wẹliwẹli, ẹkún dé ọ̀fun mi.
Lánàá, ìgbáròkó ni mo fi ṣí i,
àlùbọ́sà lọ́wọ́ kan, mílíìkì àti ọṣẹ lọ́wọ́ kejì.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì karùndínlọ́gọ́rùn-ún pè mí ní "olólùfẹ́".
Mo wo ẹ̀yìn.
Ó pe bàbá arúgbó tó tẹ̀lé mi bẹ́ẹ̀,
ó pe ọmọ iléèwé, ó pe ọlọ́pàá.
Irú ìlú wo nìyí, tí ọkùnrin kan ti ń fẹ́ gbogbo ayé
kí aago méje àárọ̀ tó lù?

Nílé ìfọṣọ ọsibítù, Ìyá Dọ́rìn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ ibùsùn
kí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè pàdé.
Ó ní orúkọ mi gùn. Mo ní kó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.
Oṣù kan gbáko ló fi ń jẹ ẹ́ bí ẹja eléegun:
Mo rà. Mo rà dé,
bí ẹni tó lọ ra ẹ̀wà bọ̀.
Ọjọ́ Ẹtì kan, láàrin ariwo ẹ̀rọ, ó ké
"Morádéyọ̀!"
gbogbo àmì ohùn pé. Mo ju aṣọ sílẹ̀, mo dì mọ́ ọn.

Ìyá mi máa ń pè lálẹ́ ọjọ́ Àìkú.
"Ṣé kì í ṣe pé ìyà ń jẹ ọ́ tí o ò sọ?"
Ìdílé ń gbààwẹ̀ nítorí mi,
mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ jẹ́wọ́ pé mò ń gbádùn.
Pé mo ní ife tèmi lórí ìkọ́ níbi iṣẹ́.
Pé lóṣù kẹfà oòrùn kì í fẹ́ lọ sùn,
aago mẹ́wàá alẹ́ ń lù, ó ṣì ń bá igi tàkúrọ̀sọ.
Pé ẹ̀rọ amúlé-móoru ń kan ògiri lóru, kó-kó-kó,
èmi náà ń fi ìka dá a lóhùn, kó.
Mo kàn ní, "Òtútù mú díẹ̀, Mà,"
kí àdúrà wọn má baà ṣòfò.

Àárọ̀ òní ló wá ṣẹlẹ̀.
Ọmọkùnrin kan, ẹrù lẹ́yìn, òógùn lójú nínú òtútù,
dá mi dúró ní kọ́nà:
ibo ni wọ́n ń gbà dé ilé ìkàwé?
Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àwọn àgbà wí.
Ẹni tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Wọn ò sọ.
Ẹnu mi ṣáà là:
"Gun ibí yìí lọ. Má wòkè, yóò tètè rẹ̀ ọ́.
Níbi tí ajá funfun ti ń sùn lójú fèrèsé, yà sọ́tùn-ún.
Bí èémí rẹ bá ti fẹ́ tán, o ti dé nìyẹn,
olólùfẹ́."

Ó wo ẹ̀yìn.